Ẹnu íyápíìsì tó kán sínú kọ̀ǹpútà: Ìṣòro kékeré tó ń dá iṣẹ́ olówó dúró

Bó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ọ̀gá kan tó ń ya fídíò òde ìnáwó jókòó ti láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń to fídíò ìgbéyàwó tó yà lọ́jọ́ Sátidé pọ̀, íyápíìsì wà létí rẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí alága ìdúró ń sọ láàárín ariwo ìlù. Ó ti bá ẹbí ìyàwó ṣàdéhùn pé ọwọ́ wọn yóò tẹ iṣẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì ti gba ìdajì owó. Lára owó ọ̀hún ló ti ra epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀. Lójijì ni wọ́n mú iná lọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sáré dìde nínú òkùnkùn pé kóun lọ tan jẹnẹrétọ̀, wáyà íyápíìsì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, nǹkan sì dún "pẹ́kẹ́" lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò rí i ni."

"Jẹ́ kí iná kọ́kọ́ dé ná."

Nígbà tí iná dé, ọ̀gá rí i pé ẹnu íyápíìsì tóun fà jáde ti kúrú. Orí rẹ̀ tó rí ṣóńṣó ti kán, ó kù sínú ihò kọ̀ǹpútà. Ó tẹ fídíò pé kó máa lọ. Ìyàwó ń jó, àwọn onílù ń lùlù, àwọn èèyàn ń náwó, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde. Ó gbé ohùn sókè títí tí kò fi ní ibi tí yóò gbé e dé mọ́, pàbó ló já sí. Sípíkà tó wà lára láàpútọ́ọ̀pù náà, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, òun náà ti yadi.

Kì í ṣe onífídíò nìkan ni irú èyí ń bá. Ó ń bá àwọn tó ń gbohùn orin sílẹ̀ nínú sitúdíò oníyàrá kan, àwọn tó ń fetí sí ìwàásù àti ìpàdé tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn oníbàárà, àwọn tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún rédíò, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, títí kan ìyá oníṣòwò aṣọ tó ń bá oníbàárà rẹ̀ lókè òkun sọ̀rọ̀ lójúkojú. Etí ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Bí ohùn bá dákẹ́, owó náà dákẹ́. Ohun tó tún ń dun èèyàn jù ni pé irin tó fà á kì í sábà gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà ò tíì bàjẹ́. Nínú ihò tí wọ́n ń ki íyápíìsì bọ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wà níbẹ̀ tó ń ta bíi sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ ló ní irin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ. Bí ẹnu íyápíìsì bá wọlé, yóò ti irin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ pé àlejò dé, yóò pa sípíkà ara rẹ̀, yóò sì darí ohùn sí etí ẹni tó ń lò ó. Bí wọ́n bá fa íyápíìsì jáde, irin náà á padà sáyè rẹ̀, sípíkà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí orí íyápíìsì bá wá kán sínú ihò, ó ṣì ń ti irin ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, íyápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Ohùn ń jáde ní tòótọ́, ibi tí kò sí etí kankan ló kàn ń lọ.

Ibi tí owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké gan-an nìyí. Ẹlòmíì á gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, á ní ohùn ò jáde mọ́, kò sì ní mẹ́nu kan íyápíìsì tó kán, bóyá torí pé ojú ń tì í, bóyá torí pé ọmọ iṣẹ́ tó ṣe é ò jẹ́wọ́. Oníṣẹ́ tí kò bá tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò á ní Windows ló dàrú. Á fọ́máàtì ẹ̀rọ náà, á fi Windows tuntun sí i, ohùn ò tún ní jáde. Ọ̀rọ̀ á wá di pé pánẹ́ẹ̀lì ló bàjẹ́. Owó Windows ti lọ, owó pánẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ orí íyápíìsì jókòó síbi tó wà látàárọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ò kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ pamọ́ kí wọ́n tó fọ́máàtì rẹ̀, ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ti bá a lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe kí wọ́n tún un yà.

Kí èèyàn tó fọwọ́ kan irin tó wà nínú ihò, ó yẹ kó mọ irú nǹkan tó jẹ́. Ẹnu íyápíìsì tó wọ́pọ̀ yìí fẹ̀ ní mílímítà 3.5. Ìdílé rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Baba rẹ̀ ni èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 6.35, tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ń fà yọ tí wọ́n ń kì bọ ihò láti so ẹnì kan pọ̀ mọ́ ẹlòmíì ní ìparí sẹ́ńtúrì 19. Bàbá náà ò tíì kú, òun ló wà lẹ́nu wáyà gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Ọmọ rẹ̀ kékeré ni Sony fi sára Walkman tí wọ́n gbé jáde ní 1979, tó sì ti ibẹ̀ tàn ká. Apple yọ ihò rẹ̀ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fóònù sì tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù tó ṣì ní ihò náà lọ jàńtìrẹrẹ, pàápàá àwọn tòkunbọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ń rà.

Ẹni tó bá wo ẹnu íyápíìsì dáadáa á rí i pé kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ègé ègé ni, ike tín-ín-rín ló sì pààlà láàárín wọn. Orí ṣóńṣó ló ń gbé ohùn etí òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e ń gbé ti ọ̀tún. Èyí tó bá ní ìlà ike mẹ́ta dípò méjì, àyè gbohùngbohùn ló fi kún un. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àárín gbogbo wọn kọjá tó lọ di orí mú. Tí wọ́n bá fà á gbọọrọ, ó lágbára díẹ̀. Tí nǹkan bá ti ẹ̀gbẹ́ tì í, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń kán, orí á sì dá wà nínú ihò. Ìdí tí kò fi ń jábọ́ fúnra rẹ̀ ni pé ó ní ọrùn, ọrùn yẹn gan-an sì ni sípíríǹgì inú ihò ń dì mú kí íyápíìsì má baà máa yọ́ jáde lásán. Ìdí nìyẹn tí gbígbọn kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gbọn agolo ata gbígbẹ kò fi ń ràn án. Ohun tí gbígbọn lè ṣe ni pé kó já nǹkan míì sílẹ̀.

Kí iṣẹ́ má dúró

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé oníṣẹ́ á dojú kọ ihò náà lóru ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ń lé e, inú ń bí i, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó fi abẹ́rẹ́ lé irin wọ inú lọ, ó fi gúlù lé abẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí wọn ì bá fi ọwọ́ yọ ti di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ fún. Ẹni tó mọ ìṣirò òwò á kọ́kọ́ wá ibòmíì tí ohùn á gbà jáde, á sì fi irin yẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ara bá balẹ̀. Bí wọn ò bá tì í, kì í sábà ba nǹkan míì jẹ́ níbi tó wà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì sójú USB, tí ihò íyápíìsì wà lẹ́yìn rẹ̀. USB sound card ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Kì í ṣe ohun ńlá, òmíràn ò ju ìka ọwọ́ lọ, ìwọ̀nba owó sì ni wọ́n ń ta èyí tó kéré jù nínú wọn. Bí wọ́n bá ti kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà á dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ohùn ò bá tíì yà síbẹ̀, kí wọ́n tẹ àmì sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì yan ẹni tuntun tó dé. Ihò tó bàjẹ́ ò ní nǹkan kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Íyápíìsì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ USB látilẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá sì ní tẹlifíṣọ̀n tó ní ojú HDMI lè so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ohùn á máa ti ibẹ̀ jáde.

Bluetooth náà wà, ṣùgbọ́n onífídíò ní láti ṣọ́ra fún un. Ohùn tó gba Bluetooth kọjá sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán. Ẹni tó kàn ń gbọ́rin lè má mọ̀. Ẹni tó ń to fídíò, tó fẹ́ kí ọwọ́ onílù balẹ̀ sórí awọ lákòókò tí ìlù dún gan-an, á tún un ṣe títí á fi sú u, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tilẹ̀ rọrùn ju ti láàpútọ́ọ̀pù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ihò íyápíìsì níwájú, tí wọ́n sì tún ní òmíràn lẹ́yìn. Lẹ́yìn yẹn, aláwọ̀ ewé ni ihò tí ohùn ń gbà jáde, èyí tó rí bí òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti gbohùngbohùn. Bó bá jẹ́ tiwájú ló kán sí, kí wọ́n lọ lo tẹ̀yìn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ta kú pé iwájú ṣì ní àlejò, kí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣí ìgbá rẹ̀, kí wọ́n sì yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ihò iwájú lọ sára pánẹ́ẹ̀lì. Ó parí. Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá tí oníbàárà ń kán nǹkan sí lójoojúmọ́ lè má ráyè máa yọ irin rárá; kó yọ wáyà iwájú gbogbo wọn, kó fi wáyà gígùn fa ohùn láti ẹ̀yìn wá sójú tábìlì.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́

Nígbà tí iṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀, tí ojúmọ́ mọ́ dáadáa, ìgbà yẹn ló tó àsìkò. Kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n sì yọ bátìrì bó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ. Kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà kí wọ́n tó mú ohunkóhun dání. Ohun tí wọ́n bá rí ló máa sọ irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí kò ní àyọsílẹ̀: ohunkóhun tó bá ń ti irin náà wọ inú sí i, kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró kíá. Láwọn láàpútọ́ọ̀pù kan, ẹ̀yìn ihò ò dí, irin tí wọ́n bá tì kọjá lè bọ́ sínú ẹ̀rọ kó sì lọ jókòó sórí pánẹ́ẹ̀lì tí iná ń gbà.

Bí èyí tó yọ síta bá tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú, kò sí wàhálà púpọ̀. Ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí táwọn aṣaralóge fi ń fa irun ojú, á di í mú, wọ́n á sì fà á gbọọrọ láìyí i sọ́tùn-ún sósì. Wàhálà ni ti ẹni tí tirẹ̀ kán sínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ bá nípọn ò ní rí ẹ̀gbẹ́ irin dì mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa máa tì, ohun tí òfin àkọ́kọ́ sì kọ̀ nìyẹn.

Fún irú èyí, báírò tó ti gbẹ wúlò ju ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ lọ. Ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí yíǹkì ń gbé inú báírò sábà máa ń tóbi mọ ìwọ̀n tí ihò náà lè gbà, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bó bá jẹ́ pé kùkùté irin àárín ṣì yọ díẹ̀ lẹ́yìn orí tó kù sínú ihò, ẹnu ọ̀pá ike yìí lè bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n lo èyí tí kò ní yíǹkì nínú mọ́, kí wọ́n fi abẹ gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n kì í bọ ihò gbọọrọ, kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ike á fi gbá kùkùté náà mú, kí wọ́n wá máa fà á bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó lè yọ́ nígbà àkọ́kọ́, ó lè yọ́ nígbà karùn-ún. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú kí wọ́n tún un ṣe, ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó lọ sórí ohun tó le.

Nígbà míì, irin àárín á ti bá ìyókù jáde, á fi ihò kékeré sílẹ̀ láàárín ohun tó kù. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó tín-ín-rín lè há síbẹ̀. Kí wọ́n fi sínú ihò kékeré yẹn, kí wọ́n dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kó lè fìkọ́ mú ike tàbí irin, kí wọ́n sì fà á. Àwọn kan máa ń fi iná ṣáná jó orí abẹ́rẹ́ kó lè wọ inú ike. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ihò náà ike ni, ike méjèèjì ò sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó yọ́.

Ọ̀rọ̀ gúlù ló kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní súpá gúlù ti yọ ọ̀pọ̀ irú irin yìí, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ihò jẹ́. Àwọn tó ń júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn kì í sọ apá kejì. Gúlù tó bá kan sípíríǹgì inú ihò á bò ó lára, iná ohùn ò sì lè gba orí gúlù kọjá. Èyí tó bá kan ẹ̀gbẹ́ ihò á lẹ irin àti ihò pọ̀ títí ayé. Ẹni tó bá ti gbìyànjú báírò àti abẹ́rẹ́ tí kò rí i ṣe, tó sì fẹ́ lo gúlù dandan, kó mọ bí wọ́n ṣe ń dín ewu rẹ̀ kù. Igi ìtayín ni kó lò, kó gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́. Kó kọ́kọ́ kì í bọ ihò láìsí gúlù, kó sì fi báírò sàmì sára igi náà níbi tó ti kan irin, kó lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Kó wá fi gúlù tọ́ ẹnu igi náà, kó nu èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ohun tó kù má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kó gbé kọ̀ǹpútà kí ẹnu ihò kọjú sílẹ̀, kí gúlù tó bá fẹ́ ṣàn lè ṣàn sórí igi, kì í ṣe sínú ihò. Kó ki igi náà wọlé gbọọrọ títí dé àmì, kó dì í mú láìmì, kó sì jẹ́ kó gbẹ dénú kó tó fà á. Kánjúkánjú ló ń mú kí igi dá nìkan jáde, kó fi gúlù sílẹ̀ lẹ́yìn irin, kùkùté tí báírò ì bá sì bò ti di ohun tí gúlù bò nìyẹn.

Irin tí wọ́n fi ń jó òjé ò sí lára ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi wọ ihò yìí rárá. Ike inú ihò á ti yọ́ kí òjé tó mú irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má fi epo tàbí omi kankan sí i pé kó lè yọ̀.

Lọ́dọ̀ oníṣẹ́

Bí báírò àti abẹ́rẹ́ ò bá ṣe é, kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ṣe é. Ní Èkó, Computer Village tó wà ní Òtígbà, Ìkẹjà, ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń lọ. Ilé gbígbé ló kún àwọn òpópónà yẹn tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n lẹ́yìn 1990, tí àwọn onífóònù sì wá dà bò ó nígbà tí GSM dé ní 2001. Àwọn ará Ìbàdàn mọ Queen Cinema. Oníṣẹ́ tó mọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó mọ ẹnu jù ú lọ náà sì wà, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá fi ṣílẹ̀kùn sì ń sọ irú ẹni tó máa bá pàdé.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Íyápíìsì ló kán sínú ihò rẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ bá mi tan iná wò ó, kẹ́ ẹ tó dá mi lówó."

"Kò burú, mà. Ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá lálẹ́."

"Rárá o, mo máa jókòó tì í. Iṣẹ́ àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀."

Ohun tí oníṣẹ́ gidi máa ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Ó lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yọ ọ́ láti ìta, ohun tí ọwọ́ tó ti mọ́ra máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè tú láàpútọ́ọ̀pù, kó sì ti ẹ̀yìn ti irin náà síta pẹ̀lú pín-ìn-nì, bó bá jẹ́ irú ihò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò dí. Bí èyí náà ò bá ṣeé ṣe, á jó ihò àtijọ́ kúrò, á fi tuntun sí i. Ìbéèrè kan wà níbi tí wọ́n bá dé èyí tó lè dín owó kù gan-an: ṣé orí pánẹ́ẹ̀lì ńlá ni ihò náà wà ni, àbí orí pátákó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù, pátákó kékeré kan ló gbé ihò íyápíìsì àti ojú USB kan tàbí méjì, wáyà pẹlẹbẹ ló sì so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Pátákó yẹn ṣeé rà lọ́tọ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀ láìjó òjé rárá. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó ra pánẹ́ẹ̀lì nítorí íyápíìsì, tí tirẹ̀ sì jẹ́ oní-pátákó, ó yẹ kó dìde níbẹ̀.

Àwọn tó ń lo MacBook àtijọ́ fún orin, wọ́n lè rí iná pupa tó ń tàn nínú ihò lẹ́yìn tí irin kán sí i. Kì í ṣe àmì pé ẹ̀rọ fẹ́ jóná. Ihò náà ń gbé ohùn jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ bákan náà, irin tó há síbẹ̀ ló tan ẹ̀rọ jẹ pé wáyà ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdè kan lára kọ̀ǹpútà iṣẹ́, kí wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí háàdì díìsìkì míì. Owó tó wà lórí iṣẹ́ oníbàárà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn ò tíì kó lọ sábà máa ń ju owó ihò lọ, nígbà míì ó máa ń ju owó láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò san owó náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá míì á yọ ọ́ lára owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá jẹ níyà lẹ́ẹ̀kan, bí tẹlẹ́ẹ̀kejì bá kán, á ki ìyókù rẹ̀ sínú àpò, á dákẹ́. Ọ̀gá á dé láàárọ̀, kò ní gbọ́ ohùn, á gbé ẹ̀rọ lọ síbi tí wọ́n ti máa fọ́máàtì rẹ̀. Ó dín owó jù kí ọmọ lè sọ ọ́ kíá.

Ohun tó dín owó jù gbogbo ẹ̀ lọ ni wáyà àfikún kúkúrú, èyí tí ẹnu kan rẹ̀ ń wọ kọ̀ǹpútà tí èkejì sì ní ihò tí íyápíìsì ń wọ̀. Bí wọ́n bá ti fi sára láàpútọ́ọ̀pù, kí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ́ wáyà, àárín wáyà méjèèjì ló máa já síra, ìgbátí ò ní dé ara kọ̀ǹpútà. Tó bá tilẹ̀ kán, ara wáyà àfikún ló máa kán sí, wọ́n á sì jù ú nù. Íyápíìsì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ náà dára ju èyí tó nà gbọọrọ lọ, torí kì í yọ síta jìnnà. Ti inú gósùlóò tí wọ́n ń tà lójú mọ́tò, kò burú fún fóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ rédíò. Ẹnu ọ̀pọ̀ wọn ò lágbára tó èyí tó yẹ kó wọ ẹ̀rọ tó ń wá owó oúnjẹ. Ẹni tó bá sì ń gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sóde, kó yọ íyápíìsì kúrò kó tó kó o sínú báàgì. Inú báàgì ni púpọ̀ ti ń kán láìsí ẹni tó gbọ́ "pẹ́kẹ́" kankan.

Ọ̀gá onífídíò alẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó bá gba ọ̀nà yìí, á rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ yá USB sound card lọ́wọ́ oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lójúlé kejì, á sì padà sídìí fídíò kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹbí ìyàwó á gba iṣẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á gba ìyókù owó rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò sí iṣẹ́ kánjúkánjú nílẹ̀, á pa láàpútọ́ọ̀pù, á tẹ́ tówẹ̀lì sórí tábìlì, á gé ẹnu ọ̀pá báírò kan tó ti gbẹ. Ọmọ iṣẹ́ lá bá a di tọ́ọ̀ṣì mú.